GBÈSÈ INÚ KÁÀDÌ: KẸ́ Ẹ TÓ FỌWỌ́ SÍWÈÉ BÁŃKÌ, Ẹ GBỌ́ TẸNU MI!

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ owó ni, àmọ́ kì í ṣe owó tẹ́ ẹ pa, owó tẹ́ ẹ fẹ́ yá ni.

Lẹ́tà mẹ́ta ló wà níwájú mi. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti kọ wọ́n wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú wọn.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, kọ̀wé pé ọmọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn wá bá òun ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní báńkì àwọn fẹ́ fún òun ní káàdì tí ₦500,000 wà nínú ẹ̀, pé kóun kàn fọwọ́ síwèé ni. Ìyá wá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé owó ọ̀fẹ́ ti wá dé sílùú ni?"

Ẹnì kejì, télọ̀ ni, Mushin ló wà. Ó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ oníná, owó ò pé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ní kó lọ gba káàdì báńkì, kó fi rà á.

Ẹnì kẹta, ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London ló pè é lórí fóònù pé òun fẹ́ gba káàdì gbèsè níbẹ̀. Ìyá ní òun ò fojú kan oorun mọ́jú. Ó ní nínú ìdílé àwọn, ẹnikẹ́ni ò jẹ gbèsè rí, ṣé kóun sọ fọ́mọ òun pé kó má gbà á?

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tó ju ẹnu mi lọ, tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ lòwe.

KÁÀDÌ MÉJÌ LÓ WÀ, WỌN KÌ Í ṢỌMỌ ÌYÁ

Káàdì tó wà nínú pọ́ọ̀sì ọ̀pọ̀ nínú yín báyìí, èyí tẹ́ ẹ fi ń gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM, tẹ́ ẹ fi ń sanwó lọ́dọ̀ oní-POS, owó ara yín lẹ fi ń ná. Bí ₦20,000 bá wà nínú àkáǹtì yín, ₦20,000 náà lẹ lè fà jáde. Bó bá tán, ó tán nìyẹn, ẹ̀rọ á ní owó ò tó. Ẹnikẹ́ni ò ní wá kanlẹ̀kùn yín lówùúrọ̀.

Èyí tí wọ́n ń gbé wá bá yín yìí, ọ̀tọ̀ ni. Credit card làwọn òyìnbó ń pè é. Èmi á máa pè é ní káàdì àwìn, torí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn. Owó báńkì ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n á wo bí owó ṣe ń wọlé fún yín, wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ lè ná tó ₦200,000." Ibẹ̀ ni wọ́n fi ààlà sí. Bẹ́ ẹ bá fi ra ọjà ₦80,000, báńkì ló sanwó fẹ́ni tó ta ọjà, ẹ̀yin lẹ wá jẹ báńkì. Tóṣù bá parí, wọ́n á fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́ sí yín: iye tẹ́ ẹ jẹ rèé, ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ san án rèé. Bẹ́ ẹ bá san gbogbo ẹ̀ pé pérépéré kọ́jọ́ náà tó kọjá, èlé kì í sábà sí lórí ọjà tẹ́ ẹ rà. Àmọ́ bẹ́ ẹ ò bá san án tán, èlé ti wọlé nìyẹn, ó sì lè má tètè jáde.

Lójú, káàdì méjèèjì jọra bí ìbejì. Ike ni wọ́n, nọ́ńbà wà lójú wọn, orúkọ yín wà níbẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi ọmọ báńkì nìyí: "Ọmọ mi, owó mi ló wà nínú káàdì yìí ni, àbí owó yín?" Bó bá ń kọ́lọ̀, tó ń ṣe ẹnu méjì, ẹ sọ fún un pé kó máa lọ, oníbàárà ń dúró de yín.

ÀWÌN KÌ Í ṢE TUNTUN LỌ́DỌ̀ WA

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé òyìnbó ló kọ́ wa láwìn. Ṣé ẹ rántí àwọn oníṣòwò aṣọ tó jẹ́ Ìjẹ̀ṣà? Wọ́n á gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á dájọ́ owó. Tọ́jọ́ bá pé, wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní ìlóṣòó làwọn máa wà títí owó àwọn á fi pé. Òun la ṣe ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Ṣógúndogójì ńkọ́, tó ń yáni lógún tó ń gba ogójì? Ìgboro mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbowó gbọ́mú-lé-láńtà rí, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé fún yín.

Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹni tó bá yáwó a máa fi ara ẹ̀ tàbí ọmọ ẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà á máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn, èlé lásán ni. Kì í dín gbèsè kù rárá. Ó lè ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, gbèsè ò ní yẹ̀ lójú kan, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá kó odindi owó tí wọ́n yá sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà yìí sọ́kàn, a máa tó padà síbẹ̀.

Ní ti káàdì, Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1950, wọ́n dá Diners Club sílẹ̀ ní New York, káàdì táwọn olówó fi ń jẹun nílé oúnjẹ, tí wọ́n á wá sanwó lápapọ̀ tóṣù bá parí. Lọ́dún 1958, Bank of America kó káàdì ránṣẹ́ sáwọn èèyàn bí 60,000 nílùú Fresno, ní ìpínlẹ̀ California, láìjẹ́ pé wọ́n béèrè fún un. Ọ̀pọ̀ ná an, wọn ò san. Àwọn gbájúẹ̀ náà rí tiwọn ṣe níbẹ̀. Owó ńlá ni báńkì náà pàdánù níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àmọ́ wọn ò ṣíwọ́. Káàdì wọn yẹn ló wá di Visa lọ́dún 1976. Barclays náà ti gbé tiẹ̀ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1966. Èlé dùn lẹ́nu báńkì, ẹ̀yin èèyàn wa.

IBI TÍ Ẹ̀GÚN WÀ

Nínú ìwé ìṣirò tí báńkì ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, nọ́ńbà méjì ló ṣe pàtàkì. Ọ̀kan tóbi, ìyẹn gbogbo gbèsè. Èkejì kéré, ìyẹn iye tó kéré jù tẹ́ ẹ lè san lóṣù yẹn, tí wọn ò fi ní sọ pé ẹ kọ̀ láti san. Nọ́ńbà kékeré yìí ló ń pa èèyàn. Ó dà bí àánú lójú, ìkẹkùn ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí ẹni ṣírò owó àjọ. Ká ní ẹ jẹ ₦100,000. Ká ní èlé jẹ́ náírà mẹ́rin lórí ọgọ́rùn-ún náírà lóṣù. Àpẹẹrẹ ni mo ń ṣe o, báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Ẹ ò tún fi káàdì náà ra nǹkan kan mọ́, ẹ wá ń san ₦5,000 lóṣooṣù láìyẹ̀.

Lóṣù kìn-ín-ní, èlé jẹ́ ₦4,000. Nínú ₦5,000 tẹ́ ẹ san, ₦4,000 ti bá èlé lọ, ₦1,000 péré ló kan gbèsè. Gbèsè ku ₦99,000. Lóṣù kejì, èlé jẹ́ ₦3,960, ₦1,040 ló kan gbèsè. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa bá a yí. Tọ́dún kan bá pé, ẹ ti san ₦60,000 fún wọn, gbèsè ṣì ku nǹkan bíi ₦85,000! Kẹ́ ẹ tó bọ́, ó máa gba oṣù mọ́kànlélógójì, ìyẹn ọdún mẹ́ta àtoṣù márùn-ún, owó tẹ́ ẹ ó sì ti kó fún báńkì á lé díẹ̀ ní ₦205,000. Ogún ti di ogójì, ó tún lé. Kí ló wá yàtọ̀ sí ṣógúndogójì, ju pé ẹni tó yá yín lówó wọ kóòtù lọ?

Ṣé ẹ rí ìwọ̀fà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan? ₦4,000 oṣù kìn-ín-ní yẹn, iṣẹ́ ìwọ̀fà ni. Ẹ ń gé oko olóko, gbèsè ò mira.

Ẹ wá wò ó lódì kejì. Gbèsè kan náà, èlé kan náà, àmọ́ ẹ ń san ₦10,000 lóṣù dípò ₦5,000. Oṣù mẹ́tàlá péré, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, nǹkan bíi ₦130,000 sì ni gbogbo owó tẹ́ ẹ san. Nítorí náà, ẹni tó bá ti kó sínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń kàwé yìí lọ́wọ́, kó má wo nọ́ńbà kékeré. Kó fún ara ẹ̀ lọ́rùn díẹ̀, kó san ju ohun tí wọ́n ní kó san lọ.

Ẹ̀gún kejì rèé. Káàdì àwìn kì í ṣe fún gbígba owó lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fi gba kéṣì, wọ́n á gba owó iṣẹ́ lórí ẹ̀, èlé á sì sábà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kò sí pé ẹ dúró dìgbà tóṣù bá parí. Ẹ̀yin ìyá aláta, ẹ̀yin elélùbọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ ko ọjà lóko tàbí ní Mile 12, ẹ rò ó wò. Ṣé àgbẹ̀ tó gbé tòmátì wá máa gba káàdì lọ́wọ́ yín? Kéṣì ló fẹ́. Bẹ́ ẹ bá wá ń fi káàdì àwìn fa kéṣì láti fi ko ọjà tó lè bàjẹ́ kílẹ̀ tó mọ́, ẹ ti jẹ gbèsè kẹ́ ẹ tó tajà.

Ẹ̀gún kẹta, káàdì dọ́là. Bẹ́ ẹ bá ná dọ́là, dọ́là lẹ jẹ. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Ẹni tó jẹ $200 nígbà àkọ́kọ́ yẹn, gbèsè ẹ̀ ò tó ₦100,000. Nígbà kejì, ó ti lé ní ₦280,000, kò sì fi kọ́bọ̀ kan ra nǹkan kún un. Ẹni tó ń pa náírà, kó má jẹ gbèsè dọ́là.

ÌBÉÈRÈ MẸ́FÀ TẸ́ Ẹ MÁA BI WỌ́N

Ẹ gé ibi yìí síbì kan. Bí ọmọ báńkì bá dé, ẹ fún un ní bẹ́ǹṣì, ẹ fomi tutù lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá bi í.

Èkíní: Èélòó ni èlé lóṣù, èélòó ni lọ́dún? Bó bá ní "mẹ́rin péré ni, Ìyá," ẹ rántí pé mẹ́rin lóṣù, tí èlé bá ń gorí èlé, ọgọ́ta ni lọ́dún.

Èkejì: Ọjọ́ mélòó ni mo ní láti san kí èlé tó bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ tí mo rajà lẹ ti ń kà á ni, àbí ọjọ́ tí ìwé ìṣirò jáde? Ẹ jẹ́ kó fi biro kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ lójú yín.

Ẹ̀kẹta: Yàtọ̀ sí èlé, owó wo lẹ tún ń gbà? Owó káàdì ńkọ́, owó ọdọọdún ńkọ́, owó ìtanràn tí mo bá pẹ́ ọjọ́ kan ńkọ́?

Ẹ̀kẹrin: Kí lẹ ń gbà dógò? Ilé ìfowópamọ́ mìíràn á ní kẹ́ ẹ kó owó tiyín sílẹ̀, àwọn á tì í pa, káwọn tó fún yín ní káàdì. Ìyẹn ò burú fẹ́ni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, torí wọn kì í sábà lè jẹ́ kẹ́ ẹ ná ju ohun tẹ́ ẹ kó sílẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ bi í: owó mi tẹ́ ẹ tì pa yẹn, ṣé òun náà máa bímọ?

Ẹ̀karùn-ún: Ta ló máa gba káàdì yìí lọ́wọ́ mi? Ẹ ka orúkọ àwọn márùn-ún tẹ́ ẹ ti ń ra ọjà. Bí mẹ́rin nínú wọn bá ń gba kéṣì nìkan, kí lẹ fẹ́ fi káàdì ṣe?

Ẹ̀kẹfà: Bí mo bá fẹ́ dá a padà ńkọ́? Bí wọ́n bá jí i ńkọ́? Kéèyàn fi sísọ́ọ̀sì gé káàdì ò parí ọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ san gbèsè tán, kẹ́ ẹ kọ̀wé pé ẹ ò ṣe mọ́, kẹ́ ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn pé ẹ ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan.

Ẹni tí ò bá mọ̀wé, kó má tijú. Kó mú ọmọ ẹ̀ tàbí aládùúgbò tó mọ̀wé dání, kó ka ìwé náà sí i létí láti òkè délẹ̀, pàápàá àwọn lẹ́tà wíńníwínní ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ gidi pa mọ́ sí.

ẸNI TÓ YÁ ẸGBẸ̀FÀ TÍ Ò SAN

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí ò san án, ó ti bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ọ̀rọ̀ yìí ti di òfin báyìí.

Láti ọdún 2014 ni CBN ti gbé BVN kalẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó so gbogbo àkáǹtì yín mọ́ ara wọn. Lóṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní GSI. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé, bẹ́ ẹ bá yáwó ní báńkì kan, tọ́jọ́ kọjá tẹ́ ẹ ò san, báńkì náà lè fa owó ẹ̀ àti èlé ẹ̀ yọ nínú àkáǹtì yín tó wà ní báńkì mìíràn. Ayé kéèyàn jẹ báńkì Ọ̀ṣogbo kó lọ máa kówó pa mọ́ sí báńkì Ìbàdàn ti lọ. Owó ilé ìwé ọmọ tẹ́ ẹ tọ́jú síbẹ̀, wọ́n lè fà á lọ lójijì.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan tún wà, bíi CRC àti FirstCentral, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí kálukú ṣe ń san gbèsè. Òfin ọdún 2017 ló ti iṣẹ́ wọn lẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá wá gbowó ńlá lọ́la láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ìwé yẹn ni báńkì máa kọ́kọ́ wò. Ìdí nìyí tí gbèsè kékeré tẹ́ ẹ san lásìkò fi lè ṣe yín lóore. Ẹni tó san ẹgbẹ̀fà, ọ̀nà ẹgbèje là fún un.

ÌDÁHÙN SÍ LẸ́TÀ

Ìyá wa ní Gbági, owó ọ̀fẹ́ kankan ò dé sílùú o. Àmọ́ mi ò ní kẹ́ ẹ má gbà á. Bó bá jẹ́ pé àwọn olówó ọjà yín ń gba káàdì, tí aṣọ tẹ́ ẹ bá kó wọlé sì máa ń tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ó lè wúlò fún yín. Ẹ má gba ₦500,000. Ẹ sọ fún wọn pé ₦100,000 lẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ohun kan tí mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ wò dáadáa ni ìwé àwọn tó jẹ ẹ̀yin náà lówó. Bí àwọn oníbàárà yín bá ń gba aṣọ láwìn, tí wọ́n ń san án tó bá wù wọ́n, ẹ jìnnà sí káàdì yìí. Gbèsè tẹ́ ẹ jẹ báńkì ń sáré, èyí tí wọ́n jẹ yín ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fi ra aṣọ ẹbí, ẹ má fi ṣe ìnáwó òkú. Ohun tí kì í mówó wọlé, owó àpò la fi ń ṣe é.

Bọ̀ọ̀dá télọ̀ ní Mushin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi káàdì ra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ á pẹ́ kó tó pa owó ara ẹ̀ padà, káàdì ò sì ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù wà. Ẹ̀kíní, ẹ kó ara yín jọ, ẹ̀yin télọ̀ mẹ́wàá, ẹ dá èésú. Ẹni tó kàn lóṣù yìí á fi ra ẹ̀rọ. Èkejì, ẹ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì owó tó fi pa mọ́, èlé wọn kì í ga bíi ti báńkì. Ẹ̀kẹta, bẹ́ ẹ bá máa lọ báńkì dandan, ẹ béèrè owó ẹ̀yá tí wọ́n ń yá oníṣẹ́ ọwọ́ láti fi ra irinṣẹ́. Òfin kan jáde lọ́dún 2017 tó gbà kéèyàn fi ẹ̀rọ, ọkọ̀ tàbí ọjà inú ṣọ́ọ̀bù dógò, kì í ṣe ilé àti ilẹ̀ nìkan. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fẹ́ rà yẹn gan-an lè dúró fún ara ẹ̀.

Ẹ tún sọ pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ yá díẹ̀ lórí fóònù ná. Háà! Ẹ rọra o. Lára àwọn tó ń yáni lówó orí fóònù yìí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á ka gbogbo nọ́ńbà inú fóònù yín. Bẹ́ ẹ bá pẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n á máa ránṣẹ́ sí àna yín, sí pásítọ̀ yín, sí oníbàárà yín, pé olè ni yín. Torí ẹ̀ ni àjọ FCCPC fi bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dún 2022. Èyí tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí lọ́dọ̀ àjọ yẹn, ẹ má súnmọ́ ọn.

Ìyá wa ní Ìtòkú, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹ́ kọ́mọ yín gbà á. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ sí tibí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlejò ni lójú báńkì wọn. Bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúwàbí tó níbí, kò sí nǹkan kan nínú ìwé wọn nípa ẹ̀. Ẹni tí wọn ò rí àkọsílẹ̀ gbèsè sísan ẹ̀, ó ṣòro kí wọ́n tó yá a lówó ilé. Káàdì kékeré tó bá ń san lásìkò ló máa kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní rere. Kó fi ra oúnjẹ àti owó ọkọ̀ nìkan. Kó sọ fún báńkì ẹ̀ pé kí wọ́n máa fa gbogbo gbèsè náà san lóṣooṣù fúnra wọn, kì í ṣe nọ́ńbà kékeré yẹn. Kó má ná ju ìdámẹ́rin ààlà tí wọ́n fún un lọ. Kó sì forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ láti dìbò: òfin ibẹ̀ gbà fún ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ lọ́nà tó bófin mu, torí orílẹ̀-èdè Commonwealth ni wá, ìwé ìdìbò yẹn sì ń jẹ́ kí wọ́n tètè dá a mọ̀. Àǹfààní kan tún wà: òfin wọn ti ọdún 1974 sọ pé, ọjà tó bá lé ní £100, tí kò ju £30,000 lọ, téèyàn fi káàdì àwìn rà, bí ọlọ́jà bá gbé ayédèrú fún un tàbí tó sá lọ, ilé iṣẹ́ káàdì náà gbọ́dọ̀ dá sí i. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló wà, èyí tí àlejò sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ni káàdì téèyàn máa kó owó sílẹ̀ fún, bíi $200, tí wọ́n á dá padà tó bá mọ̀ ọ́n lò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe, Ìyá. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni mò ń bá wí, gbogbo òbí tó lọ́mọ lókè òkun ni. Bí a bá pè wọ́n pé òkú bàbá àgbà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé ẹgbẹ́ ti yan aṣọ, ojú á ti ọmọ láti sọ pé òun ò ní. Kéṣì inú káàdì ló máa fà ránṣẹ́ sílé. A ó jó, a ó yọ̀, a ó ná an lórí agbada. Ọmọ á padà sẹ́nu iṣẹ́ ìwọ̀fà ní London. Ẹ kọ́ láti béèrè pé, "Ọmọ mi, owó oṣù ẹ ni, àbí owó káàdì?" Bó bá ní owó káàdì ni, ẹ ní kó fi síbẹ̀. Òkú á wọlẹ̀ bó ti mọ.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Káàdì yòówù kẹ́ ẹ ní, ti owó yín tàbí ti àwìn, ẹ má sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ẹ̀ fẹ́nikẹ́ni. Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́? Ẹ má kà á fẹ́nikẹ́ni lórí fóònù. Nọ́ńbà tí báńkì fi ń ránṣẹ́ lórí fóònù, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ má sọ ọ́ fẹ́ni tó pè yín, bó ti wù kó mọ orúkọ yín tó. Báńkì gidi kì í béèrè ẹ̀. Bí káàdì bá sọnù, ẹ pe báńkì kẹ́ ẹ tó wá a nínú ilé.

Ẹni tó bá lè san gbogbo gbèsè káàdì lóṣooṣù, kó gbà á, kó fi ṣiṣẹ́, kó fi kọ́ orúkọ rere. Ẹni tí owó ẹ̀ kì í dúró lójú kan, tó ń pa lónìí tí kì í pa lọ́la, àjọ àti èésú ṣì wà lọ́jà, alájọ ṣì ń wá sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Ohun àbùkù kọ́ ni kéèyàn má gba káàdì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, yálà ó ṣe yín lóore tàbí ó jẹ yín níyà, ẹ kọ̀wé sí wa, ká lè fi kọ́ ara wa lọ́gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà tó ń gbọjà láwìn tí wọ́n ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá la máa sọ. Èdùmàrè ò ní jẹ́ ká rí ìjà olówó. Ire o.